Ẹni tí A Kò Lé ni Ó Yẹ Kí Ó Kọ́kọ́ Sọ̀rọ̀

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni mo fẹ́ sọ nínú ìwé ìròyìn ẹ̀ka wa lóṣù yìí, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gba ife ẹ̀yẹ kankan. Ó borí gbogbo ẹni tí ó bá pàdé, síbẹ̀ ọwọ́ òfo ni ó bá lọ sílé, nítorí pé ó kọ̀ láti fi méjì nínú àwọn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi yé yín ni pé, nígbà tí àwọn ará ìta bá fẹ́ yọ ẹnì kan kúrò láàárín ẹgbẹ́, a kò gbọdọ̀ dúró kí ẹni náà ké fún ara rẹ̀. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Ní ìlú San Francisco, ní etí òkun ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan wà tí àwọn àlùfáà Kátólíìkì ti ẹgbẹ́ Jésúìtì dá sílẹ̀ ní 1855. University of San Francisco ni orúkọ rẹ̀. Kò tóbi, kò sì lówó bí àwọn yunifásítì ìjọba. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá níbẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí àwa ń fi ẹsẹ̀ gbá. Ti àwọn ará Amẹ́ríkà ni. Ènìyàn mọ́kànlá ní ń kojú ènìyàn mọ́kànlá. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé bọ́ọ̀lù náà, tí orí rẹ̀ méjèèjì ṣe ṣóńṣó, wọ́n sì ń gbé e sá lọ sí òpin pápá nígbà tí àwọn alátakò ń sapá láti wó wọn lulẹ̀. Yáàdì ni wọ́n fi ń ka ibi tí ènìyàn gbé bọ́ọ̀lù dé. Bí ó ti wù kí ẹsẹ̀ ẹni tí ó gbé bọ́ọ̀lù yá tó, bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò bá ṣíwájú kí wọ́n fi èjìká lànà fún un, kò ní gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó wó o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ohun tí wọ́n ń ṣe lórí pápá ni wọ́n tún ṣe nígbà tí ọ̀rọ̀ ńlá dé.

Ogun Àgbáyé Kejì parí ní 1945. Òfin kan tí ìjọba Amẹ́ríkà ti ṣe ní 1944 ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ fún àwọn tí wọ́n jagun, nítorí náà àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n ti ogun dé kún kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ibi gbogbo. Ọ̀kan nínú wọn ni Gino Marchetti, ọmọ àwọn ará Ítálì tí wọ́n ṣí wá sí Amẹ́ríkà. Ó ti jagun nínú yìnyín ilẹ̀ Yúróòpù kí ó tó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Bob St. Clair wà níbẹ̀ pẹ̀lú, òmìrán ọmọ San Francisco fúnra rẹ̀. Joe Kuharich, ẹni tí ó di olùkọ́ni wọn ní 1948, jẹ́ ọkùnrin líle tí kì í fi ìdánrawò ṣeré. Ẹni tí ń kọ ìròyìn ẹgbẹ́ náà ránṣẹ́ sí àwọn oníwèé ìròyìn ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Pete Rozelle.

Aláwọ̀ dúdú méjì wà láàárín wọn. Ìlú Trinity ní Texas ni a ti bí Ollie Matson. Memphis ní Tennessee ni a ti bí Burl Toler. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ìlú méjèèjì yìí wà, níbi tí òfin ti ya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun nínú ilé-ẹ̀kọ́, nínú ọkọ̀ àti nídìí omi mímu. Àwọn méjèèjì ṣí wá sí San Francisco, wọ́n jọ gbá bọ́ọ̀lù ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan tí ó jẹ́ ti ìlú náà, lẹ́yìn èyí ni wọ́n jọ wọ University of San Francisco. Àtìpó ni wọ́n níbẹ̀, bí àwa náà ti jẹ́ àtìpó níhìn-ín. Àwọn ọmọ ará Ítálì pàápàá, àtìpó ni bàbá wọn. Ẹgbẹ́ tí ó jẹ́ pé ọmọ àjèjì ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ni ẹgbẹ́ tí a ń wí yìí.

Ní 1951, ìdíje mẹ́sàn-án ni wọ́n gbá, mẹ́sàn-án náà ni wọ́n sì borí. Wọn kò pàdánù ọ̀kan, wọn kò sì gbá ọ̀mì. Wọ́n rìn la gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà kọjá lọ sí New York láti kojú Fordham, wọ́n sì borí pẹ̀lú 32 sí 26. Lọ́jọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni Matson gba bọ́ọ̀lù ní ìhà ọ̀dọ̀ tiwọn tí ó sì gbé e sá la gbogbo pápá já láìsí ẹni tí ó lè mú un. Nínú oṣù Kọkànlá, wọ́n lọ bá College of the Pacific ní ìlú Stockton, wọ́n sì nà wọ́n ní 47 sí 14. Ìdíje ìkẹyìn ni èyí tí wọ́n bá Loyola gbá ní pápá Rose Bowl, nítòsí Los Angeles, 20 sí 2. Nígbà tí sáà náà parí, Matson ti gbé bọ́ọ̀lù sá ní yáàdì 1,566, ẹnikẹ́ni kò sì tó o lọ́dún náà ní gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ ti Toler ni láti dúró lẹ́yìn àwọn tí wọ́n wà níwájú, kí ó máa wó ẹni tí ó bá fẹ́ já kọjá lulẹ̀. Àwọn tí ó wó lọ́dún náà kò níye.

Ní ilẹ̀ wọn lọ́hùn-ún, bí sáà bá ti parí, àwọn ìlú kan a máa pe àwọn ẹgbẹ́ tí ó ta yọ wá kojú ara wọn ní àsìkò Ọdún Tuntun. Bowl ni wọ́n ń pe irú ìdíje bẹ́ẹ̀. Orange Bowl wà ní Miami, Sugar Bowl ní New Orleans, Gator Bowl ní Jacksonville. Èrò a wọ́ lọ síbẹ̀, owó a wọlé, kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n bá pè a sì gba ìpín tirẹ̀. Owó yìí ni San Francisco nílò gan-an, nítorí pé ohun tí ẹgbẹ́ náà ń ná pọ̀ ju ohun tí ó ń pa wọlé lọ. Bí wọ́n bá pè wọ́n, bọ́ọ̀lù yóò máa wà ní ilé-ẹ̀kọ́ náà. Bí wọn kò bá pè wọ́n, àwọn àlùfáà yóò pa á tì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọdún 1951 ti rí fún aláwọ̀ dúdú tí ń gbá bọ́ọ̀lù, kí ẹ lè mọ ohun tí ó wà nílẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún náà gan-an, ní ìlú Stillwater ní Oklahoma, ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tí ń jẹ́ Johnny Bright, akẹ́kọ̀ọ́ Drake University, wọ pápá pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀. Kí ìdíje náà tó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, alátakò kan ti lù ú dákú ní ẹ̀ẹ̀mẹta, nígbà tí bọ́ọ̀lù kò tilẹ̀ sí lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó fi ṣẹ́ egungun àgbọ̀n rẹ̀. Àwọn ayàwòrán ìwé ìròyìn Des Moines Register ya gbogbo rẹ̀, àwòrán náà sì gba ẹ̀bùn Pulitzer ní 1952. Àwọn aláṣẹ ìdíje kò fi ìyà jẹ ẹni tí ó lù ú. Drake bínú, ó sì yọ ara rẹ̀ kúrò nínú àjọ ìdíje tí wọ́n jọ wà. Irú ayé tí Matson àti Toler ń gbá bọ́ọ̀lù nínú rẹ̀ nìyẹn.

Nínú ìtàn tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà fúnra wọn sọ ní ọjọ́ ogbó wọn, ọ̀rọ̀ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ṣètò ìdíje ní Gúúsù pé ààyè lè ṣí sílẹ̀ fún San Francisco, bí wọ́n bá lè fi aláwọ̀ dúdú méjèèjì sílẹ̀ ní ilé. Kuharich gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú àwọn ọmọ rẹ̀. Wọ́n ní kò gba ìdìbò, kò gba àpérò. Marchetti àti àwọn òyìnbó yòókù dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé bí Ollie àti Burl kò bá lọ, àwọn náà kò ní lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà parí sí.

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí. Ta ni ó sọ pé àwọn kò lọ? Matson kò sọ ọ́, Toler kò sì sọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn méjèèjì ni wọ́n fi sílẹ̀ láti sọ̀rọ̀, kí ni wọn ìbá sọ? Bí wọ́n bá ní, “Ẹ má lọ,” a ó wí pé wọ́n fẹ́ ba ti gbogbo ènìyàn jẹ́ nítorí ara wọn. Bí wọ́n bá ní, “Ẹ máa lọ, kò sí wàhálà,” a ó gbà wọ́n gbọ́, a ó sì sùn dáadáa lóru, bẹ́ẹ̀ ni ọkàn tiwọn yóò máa ṣẹ̀jẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti tì sẹ́yìn ìlẹ̀kùn kò ní ìdáhùn kan tí kò ní pa á lára. Nítorí náà ni àwọn tí ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí yóò dáhùn. Àwọn ọmọkùnrin San Francisco ṣe é bí wọ́n ti ń ṣe é lórí pápá: wọ́n ṣíwájú, wọ́n fi èjìká tiwọn gbà á.

Wọ́n sì san owó rẹ̀. Ìpè kankan kò dé. Lẹ́yìn sáà náà, ilé-ẹ̀kọ́ wọn kéde pé bọ́ọ̀lù ti parí níbẹ̀, nítorí àìsí owó. Ẹgbẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò lè borí tú ká. Òótọ́ ni pé ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún, ṣùgbọ́n ti àwọn wọ̀nyí ká kò jẹ́ kí eré wọn dé ibi tí ó yẹ. St. Clair, tí ó ṣì ní ọdún kan láti lò, ní láti kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Tulsa ní Oklahoma kí ó tó lè gbá bọ́ọ̀lù ní 1952. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún àwọn ọmọ wa pé ẹni tí ó bá ṣe rere yóò jèrè rẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Nígbà mìíràn, gbèsè ni rere kọ́kọ́ ń mú wá.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní ohun tí wọn yóò fi ta ko ọ̀rọ̀ yìí. Ó tọ́ kí a gbọ́ wọn.

Àwọn kan ní kì í ṣe àwọ̀ ni kò jẹ́ kí a pè wọ́n. Wọ́n ní àwọn tí San Francisco bá gbá kò lágbára tó, pé ẹgbẹ́ ológun àti kọ́lẹ́ẹ̀jì kéékèèké wà nínú wọn. Òótọ́ wà níbẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ ológun wà nínú ìdíje mẹ́sàn-án náà, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ńláńlá kò sì fẹ́ fi ọwọ́ ara wọn pe wàhálà. Ṣùgbọ́n College of the Pacific tí wọ́n nà ní 47 sí 14 náà rí ìpè gbà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1952, wọ́n wà ní El Paso, wọ́n ń gbá ìdíje Sun Bowl. El Paso kò lókìkí tó Miami, mo gbà. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí a nà bá yẹ ní ẹni tí à ń pè sí ibi àsè, kí ni a fẹ́ wí nípa ẹni tí ó nà án? Ẹ sì wo ohun tí àwọn ọmọ náà wá dà. Nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú wọn lọ gbá bọ́ọ̀lù fún owó. Mẹ́ta nínú wọn, Matson, Marchetti àti St. Clair, ni a kọ orúkọ wọn sínú Ilé Ọlá àwọn agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, àwọn méjì àkọ́kọ́ ní 1972, St. Clair ní 1990. Ẹgbẹ́ tí kò lágbára kì í bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Àwọn kejì ní àṣà ilẹ̀ ni, pé bí àlejò bá dé ìlú kan, òfin ìlú náà ni yóò tẹ̀lé. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ ní ilẹ̀ onílẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ní agbára. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo Penn State. Ní 1946, ilé-ẹ̀kọ́ náà ní aláwọ̀ dúdú méjì, Wallace Triplett àti Dennis Hoggard. Miami kò fẹ́ wọn. Penn State fagi lé ìdíje náà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1948, Penn State yìí kan náà lọ gbá Cotton Bowl ní ìlú Dallas, ní Texas, pẹ̀lú àwọn aláwọ̀ dúdú méjèèjì. Nítorí pé hòtẹ́ẹ̀lì kò ní gbà wọ́n, gbogbo ẹgbẹ́ náà lọ sùn sí bárékè àwọn ọmọ ogun ojú omi lẹ́yìn ìlú. Wọ́n gbá ọ̀mì 13 sí 13, Triplett fúnra rẹ̀ ni ó sì mú bọ́ọ̀lù tí ó sọ ọ́ di ọgbọọgba. Ọ̀run kò já. Ó fi hàn pé nǹkan bí ọdún mẹ́rin ṣáájú kí ìpè San Francisco tó di àwátì ni ọ̀nà ti ṣeé là, ní ilẹ̀ Gúúsù kan náà. Àwọn tí wọ́n ní àṣà ni kò jẹ́ kí àwọn pè wọ́n lè là á bí wọ́n bá fẹ́.

Àwọn kẹta ni mo bọ̀wọ̀ fún jù, nítorí pé àgbàlagbà ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ bíi ti wọn. Wọ́n ní: ṣé kò bá sàn kí wọ́n lọ, kí wọ́n gba owó náà, kí bọ́ọ̀lù má baà kú ní ilé-ẹ̀kọ́ wọn, kí àwọn aláwọ̀ dúdú mìíràn lè rí ibi gbá a lọ́dún tí ń bọ̀? Ẹni méjì péré ni. A kì í tìtorí ẹni méjì tú ilé ká. Èsì mi ni pé, ẹgbẹ́ tí ó bá lọ sí Miami láìsí Matson àti Toler kì í ṣe ẹgbẹ́ tí ó borí lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. Ẹgbẹ́ mìíràn ni, tí ó wọ aṣọ rẹ̀. Bọ́ọ̀lù ìbá yè, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wọ inú ẹgbẹ́ náà lọ́dún tí ń bọ̀ yóò ti mọ̀ pé òun lè jẹ́ ẹni tí wọn yóò fi sílẹ̀, yóò sì máa fi ojú kan sùn. Nígbà tí a bá ti ta ẹnì kan, àwọn yòókù ti mọ iye tí a ń tà wọ́n.

Ẹ gbọ́ bí ayé ṣe rí fún àwọn méjèèjì lẹ́yìn èyí. Matson lọ sí ìdíje Òlíńpíìkì ní Helsinki ní 1952, ó gba ipò kẹta nínú eré ìje mítà 400, ó sì wà nínú àwọn mẹ́rin tí wọ́n gba fàdákà fún Amẹ́ríkà lẹ́yìn àwọn ọmọ Jàmáíkà. Ní 1959, ẹgbẹ́ kan ní Los Angeles fi àwọn mẹ́sàn-án ṣe pàṣípààrọ̀ kí wọ́n lè gba òun nìkan. Ní ti Toler, orúnkún rẹ̀ yẹ̀ nínú ìdíje kan ní 1952, kò sì lè gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Ó padà di tíṣà, ó sì di ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó dé irú ipò bẹ́ẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ gírámà ní San Francisco. Ní 1965, ó di rẹfirí nínú ìdíje àwọn tí ń gbá bọ́ọ̀lù fún owó, ṣáájú rẹ̀ aláwọ̀ dúdú kankan kò ṣe é rí. Rozelle tí ń kọ ìròyìn wọn nígbà náà ni olórí àjọ náà láti 1960, òun ni ó sì wà lórí àga nígbà tí Toler gba fèrè. Ẹ rí i pé àwọn tí ó jọ dúró ní 1951 ṣì tún jọ dúró lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlá.

Àwọn ènìyàn ti wá ń yìn wọ́n. A ti kọ ìwé nípa wọn ní 2002, a ti ṣe fíìmù nípa wọn ní 2014. Ó dára. Ṣùgbọ́n Toler ti kú ní 2009, Matson ní 2011, kí fíìmù náà tó jáde. Ní ti Johnny Bright, 2005 ni ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ṣẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ tó kọ ìwé tọrọ àforíjì. Ó ti kú láti 1983. Ta ni wọ́n kọ ìwé náà sí? Àforíjì tí ó dé lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn alààyè nìkan ni ó ń tù nínú. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọkùnrin San Francisco sọ dé lọ́jọ́ tí ó yẹ kí ó dé, nígbà tí àwọn tí wọ́n sọ ọ́ nítorí wọn ṣì lè gbọ́ ọ. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ó fi tóbi ju ìwé àti fíìmù lọ.

Ẹlòmíràn yóò bi mí pé kí ni ọ̀rọ̀ San Francisco kan àwa tí a wà ní Kano, ní Kaduna, ní Zaria, ní Jos, ní Minna. Ó kàn wá. Àwa tí a ń gbé Sábó mọ ìpè tí ó ní “ṣùgbọ́n” nínú. Ní àwọn ọdún 1950, nígbà tí ìjọba Àríwá ṣe ìlànà pé ọmọ Àríwá ni kí a kọ́kọ́ gbà sí iṣẹ́ ìjọba, púpọ̀ nínú àwọn akọ̀wé ará Gúúsù ni ó kó ẹrù wọn padà sílé. Títí di òní, ọmọ tí a bí síhìn-ín, tí ó gbọ́ Hausa ju Yorùbá lọ, ni a lè bi léèrè ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ nígbà tí ó bá fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́. Nígbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ohùn tí ó máa ń ṣiṣẹ́ jù ni ohùn onílé tí ó bá wí pé, “Ọmọ wa ni, mo mọ bàbá rẹ̀.” Irú onílé rere bẹ́ẹ̀ wà, wọn kò sì kéré. Ó yẹ kí a máa dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn ní gbangba ju bí a ti ń ṣe lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: ṣé àwa náà ń ṣe é fún ẹlòmíràn? Nígbà tí ó bá kan aládùúgbò wa tí ó jẹ́ Tiv, tàbí Igbo, tàbí Nupe, tí wọ́n fẹ́ lé kúrò nínú ọjà tí a jọ ń ná, ṣé a máa ń sọ̀rọ̀, àbí a máa ń dúpẹ́ pé kì í ṣe tiwa? Nínú ẹgbẹ́ wa pàápàá ńkọ́? Bí a bá fẹ́ yan aṣojú, a ó máa sọ lábẹ́lẹ̀ pé ará ìlú báyìí ti pọ̀ jù. Bí ọmọ kan bá ní ìyá tí kì í ṣe Yorùbá, a ó ní kò gbọ́ èdè dáadáa, kí ó jókòó sẹ́yìn. Bí ènìyàn ńlá kan bá fẹ́ bá ẹgbẹ́ ṣe, tí ó sì ní òun kò fẹ́ rí lágbájá, a ó yára wí pé lágbájá náà mọ ara rẹ̀, yóò gba ti wa rò. A ti sọ pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Bí a bá gé ìka méjì lára ọwọ́ náà, kí ni a ó fi sọ ọ́?

Nítorí náà, mo ní ìmọ̀ràn mẹ́ta fún ẹ̀ka wa.

Èkíní, bí ìpè tàbí ọrẹ bá dé pẹ̀lú àdéhùn pé kí a fi ẹnì kan sílẹ̀, kí akọ̀wé kà á sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ìpàdé. Kuharich kò fi ti àwọn ọmọ rẹ̀ pamọ́ fún wọn. Ohun tí àwọn alága bá dáhùn ní ìyẹ̀wù ni ó sábà máa ń ba ẹgbẹ́ jẹ́.

Èkejì, kí a má ṣe bi ẹni tí wọ́n fẹ́ yọ bóyá ó gbà. Ìbéèrè náà fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ìyọkúrò. Kí àwọn yòókù dáhùn kí ó tó la ẹnu.

Ẹ̀kẹta, kí a mọ̀ pé ó ní iye tí yóò ná wa, kí a sì jọ san án. Bí owó bá bọ́ nítorí pé a kọ̀, kí ó bọ́ láti inú àpò ẹgbẹ́, kí ó má ṣe di ọ̀rọ̀ tí a ó máa fi gún ẹni náà lára pé òun ni ó jẹ́ kí a pàdánù. Nínú gbogbo ohun tí àwọn ará San Francisco sọ lẹ́yìn náà, kò sí ẹni tí ó di ẹ̀bi ru Matson tàbí Toler. Bí a bá kọ̀ tán, tí a sì ń kùn sí ẹni tí a kọ̀ nítorí rẹ̀, a ti fi í sílẹ̀ náà nìyẹn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ ń gbá bọ́ọ̀lù ní pápá ilé-ẹ̀kọ́ yín, ẹ rántí ẹgbẹ́ yìí nígbà tí wọ́n bá ń ka orúkọ, tí wọ́n sì fo orúkọ ọ̀kan nínú yín nítorí ibi tí bàbá rẹ̀ ti wá. Ẹ má dúró de alága ẹgbẹ́, ẹ má sì dúró de òun tìkára rẹ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ni kí ó kọ́kọ́ fọhùn.

Ire o.